Iyọ̀ Tó Kọ Aró

Tísà Bhuwan ní ká mú iyọ̀ ilé wá,
ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, ká dì í sínú bébà.
Èmi bu ti bàbá àgbà láti inú àpò irun yáàkì,
iyọ̀ adágún Tíbẹ́ẹ̀tì, tó pọ́n díẹ̀ bí etí ọmọ tuntun,
iyọ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́tàlélógún rìn lórí yìnyín
kó tó dé Dólípò, kó tó di pàṣípààrọ̀ ọkà báálì.
Mo gbé e lọ bí ẹni gbé adé.

Kí tísà tó ṣí ìgò rẹ̀, ó kọ́kọ́ pìtàn.
Ó ní irin kan wà tó rọ̀, tí ọ̀bẹ ń gé bí wàràkàṣì,
sódíọ́ọ̀mù lorúkọ rẹ̀; bó bá fojú kan omi, iná ni.
Ó ní afẹ́fẹ́ aláwọ̀ ewé kan wà, kilorínì,
wọ́n tú u sójú ogun rí, ó fún ọmọ ogun lọ́rùn pa.
Ọ̀kan ní ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kan tó jù, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí;
ìkejì ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ẹyọ kan.
Oníjà méjì pàdé. Ọ̀kan yọ̀ǹda, ìkejì gbà,
wọ́n sì tò sílẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́,
títí wọ́n fi di ohun tí à ń bù sí tíì bọ́tà.
Rinzin rẹ́rìn-ín: "Ṣé májèlé méjì ni mo mu láàárọ̀?"
Tísà ní: "Méjì tó ti parí ìjà."

Ó wá ń kán oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ti ilé Rinzin, tí wọ́n rà nínú ọ̀rá, pa láró lójú ẹsẹ̀.
Ti Tsepak pẹ̀lú. Ti ilé alágbẹ̀dẹ dúdú bí sánmà òru.
Ó kán an sí tèmi.
Ó dákẹ́.
Ó tún un kán.
Ó dákẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í.

Áyódínì ni kò sí níbẹ̀, tísà ló sọ bẹ́ẹ̀.
Òjò ayébáyé àti yìnyín tó ń yọ́ ti fọ̀ ọ́ kúrò lára òkè wa,
wọ́n gbé e lọ fún òkun, èyí tí àwa kò rí rí.
Bẹ́ẹ̀ labalábá kan bà sí ọ̀nà ọ̀fun olúkúlùkù,
òun ló ń bá wa kọ́ ọpọlọ ọmọ nínú oyún;
oúnjẹ tó ń bèèrè ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni
kò ju ṣíbí tíì kan lọ.
Bí kò bá rí i, á máa wú, á máa wú,
bí apẹja tó ń fẹ àwọ̀n rẹ̀ sí i nínú odò tí kò lẹ́ja.
Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn.

N kò gbọ́ ìyókù. Ọrùn ìyá àgbà ni mo ń rò,
ìlẹ̀kẹ̀ iyùn rẹ̀ tí kò yí i ká mọ́.
Mo ń ro Yangzom, àbúrò bàbá mi,
tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i,
tó jẹ́ pé ká tó lè pè é, a ó fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Mo sọ fún bàbá àgbà nírọ̀lẹ́. Mo rò pé yóò bínú.
Ó bínú. Ó ní iyọ̀ ló fi fẹ́yàwó, iyọ̀ ló fi bọ́ ọmọ mẹ́fà,
iyọ̀ inú ọ̀rá korò, ìjọba fẹ́ fi sọ wá di àgàn ni.
Ó ní, "Ṣé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi…"
Kò parí rẹ̀. Yangzom ló gbé tíì wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo jí, mo rí ọ̀rá iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
okùn irun yáàkì ni wọ́n fi dì í lẹ́nu pinpin,
nítorí mo ti sọ pé bí a bá ṣí i sílẹ̀, áyódínì á fò lọ.
Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.
Àpò àtijọ́ ti bọ́ sí ìta, sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹran;
bàbá àgbà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, yáàkì ń lá a,
ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún oṣù mẹ́ta.
Yangzom ló ń po tíì rẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i,
à ń wò ó, ó wò wá, kò mọ ìdí tí a fi ń wò,
ó tún bu díẹ̀ sí i.